Ẹni Tó Bá Bàbá Dáníẹ́lì Ka Ìgbàgbọ́

Ẹni tó bá fẹ́ pe èyí ní àlọ́, kó pè é bẹ́ẹ̀. Èmi kò sùn, n kò lá àlá, ibà kò sì ṣe mí lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán ni, nínú ilé Ọlọ́run, etí mi méjèèjì ló sì gbọ́ ọ. N kò tíì sọ ọ́ fún fadá wa títí di òní. Ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jáde lẹ́nu yín pé èmi ni.

Ìjọ Àgùdà kékeré kan ni tiwa, lójú ọ̀nà tó ti Òmù-Àrán wá sí Ẹ̀sìẹ́. Èmi ni mo máa ń dúró níwájú láti ṣáájú àdúrà. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ Ìgbàgbọ́ tí à ń kà ní Mísà ṣe, èmi náà ni fadá ní kí n kọ́ àwọn èèyàn.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò rọrùn. Tẹ́lẹ̀, ohun tí gbogbo wa ń wí ni pé, "A gba Ọlọ́run kan gbọ́." Wọ́n wá ní ká máa wí pé, "Mo gba Ọlọ́run kan gbọ́." Wọ́n tún yí àwọn ibì kan padà láàárín, ṣùgbọ́n "Mo" yìí ló kọ́kọ́ hàn wá léèmọ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tá a bẹ̀rẹ̀, ilé Ọlọ́run dà bí ọjà. Àwọn kan ń wí "Mo", àwọn kan ń wí "A", àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "A", wọ́n á rántí, wọ́n á gbé e mì. Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá kan bi mí lẹ́yìn Mísà pé, "Ṣé èyí tá a ti ń wí láti kékeré kò dé ọ̀run ni?" Mo ní kó lọ bi fadá.

Fadá wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, onísùúrù sì ni. Ó ṣàlàyé pé bó ṣe wà nínú èdè àtijọ́ tí ìjọ fi ń gbàdúrà nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó lè sá sẹ́yìn ẹlòmíràn tó bá kan ìgbàgbọ́. Kálukú ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ó yé wa. Bó ṣe máa wọ ẹnu ló kù.

Àfi Bàbá Dáníẹ́lì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́. Àgbẹ̀ oníṣu ni, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Àtìgbà tí mo ti wọ ìlú yìí bí ìyàwó ni òun àti Màmá Àgáátà, ìyàwó rẹ̀, ti máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ohùn Màmá yìí rinlẹ̀ bíi ti ọkùnrin, ó sì máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Gbogbo wa á ti parí Ìgbàgbọ́ kí òun tó wí "Àmín" tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á dúró dè é kó tó jókòó.

Màmá kú kí ọ̀rọ̀ tuntun yìí tó dé. Àwọn ọmọ wọn ti Èkó wá, wọ́n sin ín, wọ́n padà. Bàbá ku òun nìkan.

Bí ọ̀rọ̀ tuntun ṣe dé, Bàbá kò wá sí Mísà mọ́. A sì ń gbọ́ pé ara rẹ̀ le, pé ó ń lọ sóko. Ni mo bá gun ọ̀kadà lọ sílé rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi." Ó wá wí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí ojú ń tì: "Èmi àti Àgáátà la jọ ń wí 'A'. Nígbà tó kú, mo ṣì ń wí 'A', mo sì mọ̀ pé òun náà wà nínú rẹ̀. Ẹ wá ní kí n máa wí 'Mo'. Bí mo bá wí 'Mo', ta ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká lọ sílé Ọlọ́run, àwa méjì péré, kó dán an wò níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fi í rẹ́rìn-ín. Ó gbà. Ọ̀sán Sátidé la lọ. Ọyẹ́ mú gan-an, eruku rẹ̀ bo oòrùn, gbogbo ìta rí bí eérú. Mo ṣí ilẹ̀kùn, a wọlé, mo tì í padà nítorí eruku. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé. Mo wo gbogbo bẹ́ǹṣì. Mo tún un wí fún yín: kò sí ẹnì kankan.

Bàbá jókòó sáyè rẹ̀, ó fi àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀. Èmi dúró níwájú, mo kọjú sí pẹpẹ, kí n má baà máa wò ó lójú.

"Ẹ máa wí i tẹ̀lé mi, Bàbá. Mo gba Ọlọ́run kan gbọ́."

Mo tún un wí. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

"A..." Ó dúró níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni òtútù kan bà mí lẹ́yìn ọrùn. Mo mọ òtútù ọyẹ́, èyí yàtọ̀. Òórùn òrí gba inú ilé, òrí tútù tí àwọn ìyá àgbà fi ń para. Bẹ́ǹṣì ké, bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá jókòó sórí rẹ̀.

Bàbá tún gbìyànjú: "Mo gbà..."

Ohùn kejì sì wí pé, "Mo gbà..."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn obìnrin ni. Ó rinlẹ̀, ó ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo mọ ohùn náà. Mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bo ẹni tó ni ín.

N kò lè yíjú. Ọrùn mi gan. Èmi kò wí nǹkan kan mọ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń kà á lọ. Nígbà tí wọ́n dé àwọn ibi tí wọ́n yí padà láàárín, Bàbá kò mọ̀ ọ́n. N kò tíì kọ́ ọ débẹ̀. Obìnrin yẹn ló ń ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun ló ń wí, kò sì ṣì í wí rárá. Ẹ bá mi rò ó. Ta ló kọ́ ọ? Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?

Bàbá wí "Àmín". Ilé pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni "Àmín" kejì dé, ó gùn, ó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tí ọrùn mi gbà mí láyè láti yí, Bàbá nìkan ni mo rí. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí bẹ́ǹṣì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dì lọ́wọ́ mú.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Àgáátà ní kálukú ló ń wí tirẹ̀, pé a kàn jọ ń wí i ni."

Ẹ gbọ́ mi o. Ìgbà tí Màmá wí ìyẹn fún un, èmi kò gbọ́ ọ.

Bàbá wá sí Mísà lọ́jọ́ kejì. Ó wí "Mo" ketekete, inú mi sì dùn fún un, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé Ìgbàgbọ́, tí ìjọ gbà á lẹ́yìn mi, ohùn tó gbà á pọ̀ ju èèyàn tó wà nínú ilé lọ. Fadá gbójú sókè láti ibi pẹpẹ, ó wo àwọn bẹ́ǹṣì òfìfo lẹ́yìn, àwọ̀ ojú rẹ̀ sì yí padà. Lẹ́yìn Mísà kò sọ nǹkan kan fún mi. Èmi náà kò bi í. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, a ṣì ń wo ara wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ sí Mísà, bí ẹ bá gbọ́ arúgbó kan tó ń wí ti àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ kò mọ ẹni tó ń dúró dè. Bí ohùn bá sì ti àyè tí kò sẹ́ni tó jókòó sí wá, ẹ sáà máa ka tiyín lọ. Ẹ má wo ibẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wo ibẹ̀, kó má lọ jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀.