Ajá Tí Màmá Pascoe Bú Níta Gbangba

Ọjọ́ tí Duke gba ipò kìíní níbi ìdíje àwọn ajá tó ń da àgùntàn nílùú Coonamble ni Màmá Pascoe, olówó rẹ̀, já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ olóòtú. A ti múra láti gbọ́ fáàrí.

"Ṣé ẹ rí ajá mi yìí? Kò sí irú ẹ̀! Ẹni tó bá sì mú abo ajá wá bá a, bàtà ni màá fi lé e! Àrùn wà nínú ìran ẹ̀!"

"Màmá, ife yín nìyí," olóòtú ní.

"Gbé e síbẹ̀ jàre. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán."

Pip, ọmọ tí Duke bí, ló fà á. Pip ń mumi bí ẹni jẹ iyọ̀ yó, ó sì ń tọ̀ síbi gbogbo, títí kan ẹsẹ̀ àlùfáà. Màmá ò ráyè jókòó jẹun: ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń tilẹ̀kùn. Linh, dókítà ẹranko, ní kíndìnrín ọmọ ajá náà kò dàgbà dáadáa láti inú ìyá rẹ̀, àti pé ó jọ pé ara Duke ló ti wá.

"Ọdún mélòó ló máa lò?"

"Bóyá ọdún kan, màmá."

"Sọ ọ́ di mẹ́ta."

"Ẹ̀mí ni o, kì í ṣe irun àgùntàn. Ẹ ò lè ná an. Ẹ má sì jẹ́ kí Duke bímọ mọ́."

Bàbá màmá ló fi ìran ajá yẹn lé e lọ́wọ́, Duke nìkan ló sì kù. Màmá ń rìn káàkiri oko bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

Dókítà ní kí wọ́n dín ẹran Pip kù, ni màmá bá ń se ìrẹsì fún un. Clem, aládùúgbò rẹ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Lóko àgùntàn, ajá ń jẹ ìrẹsì!"

"Tó o bá ń jowú, gbé abọ́ tìẹ wá."

"Ẹ ṣáà máa ta ọmọ Duke, màmá. Ta ló máa mọ̀?"

"Pip mọ̀."

Lẹ́yìn ìdíje yẹn, wọ́n tẹ Duke lọ́dàá. Pip kú sórí ẹsẹ̀ màmá kí òtútù ọdún náà tó lọ. Ó dùn ún wọra.

Ọjọ́ tí a sin màmá, ajá kún ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ wa níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. À ń sọ ìtàn rẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín, títí Clem fi bú sẹ́kún. Ó ń wo àwọn ajá náà bí wọ́n ṣe ń fò sókè sódò.

"Kò sí ìran ajá màmá níbẹ̀ mọ́," ó ní.

Òótọ́ ni. Ara gbogbo wọn sì le.