Ọwọ́ Tó Wà Léjìká Opó

Bí mo bá rántí sítì àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún oníbàárà tèmi, ojú máa ń tì mí títí di òní. Sítì ni àwa tí wọ́n bí sí Wagadúgù ń pe ojú ewé tí oníṣòwò máa ń ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Faransé la fi kàwé, ẹ má bínú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bùrò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ọ̀gá mi jágbe mọ́ mi lọ́jọ́ kan, èmi náà jágbe padà, mo gbé báàgì mi, mo jáde. Mo ní èmi náà á dá dúró. Ọwọ́ mi yá, ẹnu mi mú, sùúrù nìkan ni Ọlọ́run ò fún mi.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí ni opó kan ní àdúgbò Cissin. Àwọn àti ìyá mi jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà, Màmá ni mo sì ń pè wọ́n. Léèsì àti gíní ni Màmá ń tà ní Patte d'Oie, wọ́n ti ń tà á láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Oṣù méjì ò tíì pé tí ọkọ wọn kú nígbà tí mo gun mòtò ẹlẹ́sẹ̀ méjì mi wọ àdúgbò wọn, tí eruku pupa bò mí látòkè délẹ̀. Mùsùlùmí ni wá. Oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá ni opó wa. Kò sí ọjà, kò sí góòlù, kò sí àtíkè, kò sí lọ́fíńdà. Inú ilé ni èèyàn á jókòó sí títí ọjọ́ á fi pé.

Ìjókòó yẹn gan-an ni wàhálà Màmá. Lọ́jọ́ kẹjọ òkú ni àbúrò ọkọ wọn gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun á máa bá wọn mójú tó o. Àgbà ni ọkùnrin náà jẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní "wọ́n" nínú ọ̀rọ̀ yìí, inú mi ò tíì yọ́ sí i. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹ̀gbọ́n òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, pé ohun ìdílé ni. Irọ́ gbuu! Màmá ló dá ọjà yẹn sílẹ̀ kí ọkọ tó fẹ́ wọn rárá.

"Kí n tó jáde nínú opó," Màmá wí fún mi, "gbogbo ẹni tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi á ti gbà pé àbúrò ọkọ mi ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá sì ti jókòó sórí àga ọlọ́jà fún oṣù mẹ́rin, ta ló máa gbé e dìde? Àwọn obìnrin olówó Ouaga 2000 tó ń ra léèsì mi, orí fóònù ni wọ́n ń gbé. Ṣe nǹkan tí wọ́n á fi rí mi níbẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé mi ò kú, mi ò sì sá lọ sí Nàìjíríà. Nọ́ńbà mi ni kó wà níbẹ̀. Inú ilé yìí ni màá ti máa dá wọn lóhùn."

Mo ní, "Màmá, nínú opó?"

Wọ́n ní, "Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, ọmọ mi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ń ya àpótí kéékèèké sínú ìwé lórí ẹní, Màmá ń bi mí léèrè bí ẹni tó ń gba ṣọ́ọ̀bù tuntun: níbo lèèyàn á gbà wọlé, kí ló máa kọ́kọ́ rí, ta ló máa kí i? Mo ní ká gbé gbogbo aṣọ sójú ewé àkọ́kọ́. Wọ́n pòṣé. "Ta ló kọ́ ẹ lọ́jà? Èyí tó dáa jù, ẹ̀yìn là ń fi í sí. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á béèrè." Wọ́n ní kí n má kọ iye owó kankan, nítorí ẹnu ni ọjà wà. Mo bá wọn jiyàn, mo ní ayé ti kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi mí sílẹ̀ títí ó fi rẹ̀ mí, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún sọ ohun kan náà, mo sì pa iye owó rẹ́.

Ó ku fọ́tò wọn. Mo ní ojú ọlọ́jà ṣe pàtàkì ju aṣọ lọ. Kò ṣeé ṣe ká ya tuntun. Aṣọ dúdú kan náà ni wọ́n ń wọ̀, ojú wọn sì ti rẹ̀. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n mú fọ́tò kan wá, àwọn àti ọkọ wọn níbi ìkómọjáde kan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n fi ìka nu ojú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún mi. "Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Fóònù ni kí o fi yà á, mi ò ní jẹ́ kí o gbé e lọ. Bí o bá sì ṣe sítì náà tán, má fi han ẹnikẹ́ni. Èmi ni kí n kọ́kọ́ rí i."

Mo ní, "Dákọ̀, Màmá, mo ti gbọ́." Ẹnu lásán ni.

Nínú fọ́tò yẹn, Màmá jókòó pẹ̀lú léèsì aláwọ̀ ewé, góòlù lọ́rùn, ètè pupa. Ọkọ wọn dúró lápá ọ̀tún, ó gbé ọwọ́ lé wọn léjìká. Mo rò ó pé bí ọkùnrin bá wà lójú ewé àkọ́kọ́, àbúrò rẹ̀ á ní, ẹ ò rí i, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ni mo bá gé e kúrò. Mo gé e dé etí aṣọ Màmá, ó wá ku ìka mẹ́rin léjìká wọn. Mo rí àwọn ìka náà o, n kò ní purọ́. Mo ní ta ló máa wo ibẹ̀? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, gbogbo ìgbà ni ìyá mi ń sọ ọ́ fún mi, etí mi ti di sí i.

Sítì náà dára. Ó dára débi pé mo ń yin ara mi. Mo ronú pé bí àwọn Yorùbá tó kù bá rí i, iṣẹ́ á dé, ọ̀gá mi àtijọ́ á gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sí Cissin rárá, mo fi í sínú ẹgbẹ́ Wásáàpù àwọn Yorùbá ìlú wa. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ fèsì: "Opó wo ló kun ètè báyìí?" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ tiẹ̀ fi ètè sílẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin wo ló wà léjìká ẹ̀ yẹn?" Ha! Mo gbé! Kíá ni mo pa á rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti dà á kọ. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, àbúrò ọkọ ti ń gbé e kiri Patte d'Oie láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi han àwọn èèyàn. Ó ní oṣù méjì péré, ìyàwó àwọn ti rí ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Àìkú ni àwọn àgbà wá, lẹ́yìn ìrun alásárì: ìmáàmù wa, bàbá tó jẹ́ olórí àwọn Yorùbá àdúgbò, àti àbúrò ọkọ. Màmá ránṣẹ́ pè mí. Màmá fúnra wọn jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kọ́tínì bo ìlàjì ara wọn. Èmi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Àbúrò ọkọ dìde pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Ẹ̀yin àgbà, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ wo opó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ọwọ́ àlè lára ẹ̀. Ẹni tó ti ń wá ọkọ kò lè máa ṣọ́ ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ dúró lọ́wọ́ mi."

N kò lè mú un mọ́ra. Mo pariwo, "Irọ́ ni! Èmi ni mo ṣe é! Fọ́tò àtijọ́ ni!"

"Ẹ ẹ̀ rí i?" àbúrò ọkọ wí. "Ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún, kí ni ẹ rò pé ó máa sọ?"

"Dákẹ́, ìwọ ọmọ yìí," Màmá sọ fún mi. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí i, wọ́n pè é bí ìyàwó ilé Yorùbá ṣe ń pe àbúrò ọkọ. "Ọkọ mi, ẹ bá mi wo ọwọ́ yẹn dáadáa. Ẹ fẹ̀ ẹ́ kó tóbi. Ìka àárín ni kí ẹ wò."

Ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú fóònù. Ó wò ó.

"Ṣé ó ní èékánná?" Màmá béèrè.

Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú, ó mi orí.

"Ta ló fa ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù bàbá yín lé e nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé? Ọkọ mi sọ fún mi pé ẹkún tí ẹ sun lọ́jọ́ náà ju ti òun lọ."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀. Ẹ̀sùn ló ń wá nínú fọ́tò yẹn láti ọjọ́ yìí wá, kò wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ṣí odidi fọ́tò náà nínú fóònù mi, mo gbé e fún olórí wa. Bàbá wò ó, wọ́n gbé e fún ìmáàmù, ìmáàmù ní "Lá ìláhà ìlá Lọ́ọ̀hù," wọ́n gbé e fún àbúrò.

"Ọwọ́ ọmọ ìyá ẹ lo pè ní ọwọ́ àlè," olórí wa sọ. "Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ó yọ ọ́ lápò, ó gbé e sílẹ̀ lórí ẹní. Nígbà tí àwọn àgbà ń wọ bàtà, ó sún mọ́ mi, ó rọra ní kí n fi odidi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí òun. Mo fi ránṣẹ́. Inú ń bí mi síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ránṣẹ́.

Mo rò pé ó ti tán, mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo padà wọlé. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Òun ò dá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mọ̀," wọ́n ní. "Ìwọ mọ̀ ọ́n. O mọ ẹni tó ni ín, o mọ̀ pé òun ni mò ń jókòó dè nínú aṣọ dúdú yìí, o gé e dànù bí ẹní gé etí aṣọ. O sì fi han gbogbo ayé kí o tó fi hàn mí."

Mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n. Wọn ò sọ fún mi pé kí n má sunkún mọ́. Wọ́n ní kí n máa lọ, pé ó rẹ àwọn.

N kò gbúròó wọn mọ́ títí opó fi parí. Mo ti gbà pé mo ti pàdánù wọn. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n jáde ni wọ́n pè mí sí Patte d'Oie, wọ́n ní kí n gbé ohun tí mo fi ń ya fọ́tò wá. Mo bá wọn níwájú àtẹ léèsì, aṣọ funfun lọ́rùn wọn, kò sí góòlù. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n dúró, mo gbé fóònù sókè, mo wá rí i pé apá òsì pátápátá ni wọ́n dúró sí, apá ọ̀tún ṣófo.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sí àárín díẹ̀."

"Mo mọ ibi tí mo dúró sí," wọ́n ní. "Yà á bẹ́ẹ̀. Má gé ibì kankan níbẹ̀."