Fọ́tò Màmá Lára Ògiri Ìwáyà

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ kí orí mi tó tún gbóná.

Àwa tá a fẹ́ràn fọ́tò yíyà, tí kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wa, a ní ẹgbẹ́ kan ní Yábàá. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lèmi, ní Sùúrùlérè. Ọdọọdún la máa ń ṣe ìdíje láàárín ara wa, ṣùgbọ́n lọ́dún yìí alága wa ní ká gbé e jáde sí àdúgbò. Ó ní kí kálukú wa ya àgbàlagbà kan, ká tẹ fọ́tò náà ní dúdú àti funfun, kó tóbi bí ilẹ̀kùn, ká kọ orúkọ onítọ̀hún àti ọdún tí wọ́n bí i sí ìsàlẹ̀, ká sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé tó ń gbé. Àwọn ará àdúgbò ni yóò dìbò. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ lórí Wásáàpù. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa o, Èkó ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú wa sí, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó lo orí rẹ̀!

Màmá kan tó ń ta bọ́tìnì àti síìpù ní Tejúoṣó ni mo yà. Ìwáyà ló ń gbé, inú ilé kan náà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà. Lọ́jọ́ tí mo yà á, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa bọ́tìnì, mo wá bi í bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tá a lè jọ yà pọ̀.

"Àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù," ó ní. "Ìpọ̀nrí níbí ló wà. Nígbà tá a jà lórí ilé bàbá wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, ó ní àfi ọjọ́ tóun bá gbọ́ pé mo kú lòun máa tó tẹ ẹnu ọ̀nà mi. Mo sì mọ̀ ọ́n. Kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà."

Mo tẹ kámẹ́rà. Ojú tó fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wà nínú fọ́tò náà.

Àárọ̀ Sátidé ni mo lọ lẹ̀ ẹ́. Màmá ò sí nílé, ó ti lọ ṣe ìkómọ l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì ń padà bọ̀. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé, "Àǹtí Onífọ́tò, kí n bá ara mi lára ògiri tí mo bá dé o." Mo lẹ̀ ẹ́ tán, mo sún sẹ́yìn, mo wò ó. Ó wù mí débi pé mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan. Mo ní lọ́kàn mi pé ìdíje yìí, èmi ni mo ni ín. Mo wá lọ sílé lọ fọṣọ.

Mi ò tíì sá aṣọ tán tí ọ̀rẹ́ mi fi pè mí.

"Jọ̀ọ́, máa bọ̀ kíákíá! Wọ́n ní Màmá ti kú!"

"Yéè! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ! Ṣé kì í ṣe ìwọ lo lẹ póstà òkú mọ́ ògiri ni?"

Orí ọ̀kadà ni mo ti rántí bí póstà òkú ṣe máa ń rí: dúdú àti funfun, orúkọ, ọdún ìbí. Kò sí ohun tá a yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mo bú alága wa láti Sùúrùlérè dé Ìwáyà, mo sì bú ara mi mọ́ ọn.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì jáde. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń tajà ní Tejúoṣó ti tú gèlè, wọ́n káwọ́ lórí, wọ́n ń ké. Mo pariwo pé, "Màmá ò kú o! Fọ́tò ìdíje ni!"

Ọ̀kan nínú wọn kọjú sí mi. "Ìdíje kí ni? Ta ló ń fi òkú ṣe ìdíje?"

"Kò kú, ẹ̀yin ìyá mi."

"Ó dáa. Pè é."

Mo pè é, kò lọ. Mo tún pè é, kò lọ. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá bà mí gidi, torí Màmá wà lójú ọ̀nà lóòótọ́, ọ̀nà yẹn kì í sì í ṣe ọ̀nà eré. Tó bá jẹ́ pé mo ti fi ọwọ́ ara mi kéde ikú rẹ̀ ńkọ́? Mo sáré sí ògiri kí n fa fọ́tò náà ya, àmọ́ bàbá onílé di ọwọ́ mi mú.

"O ò gbọdọ̀ fà á ya. A kì í fa àwòrán òkú ya."

"Bàbá, kò kú mà!" Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n mọ̀ pé ọkùnrin ni mò ń pè ní "mà".

"Jẹ́ ká rí i ná."

Ọ̀rẹ́ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wọ́n ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ n'Ípọ̀nrí. Ó ti rí i láti àárọ̀. Kò fèsì."

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Márúwá kan dúró. Màmá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì èlùbọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ń pe Jésù ń pè é, ẹni tó ń pe Ọlọ́hun ń pè é, àwọn kan sá wọlé.

"Ta ló kú?" ni Màmá bèèrè. Ó wá rí ògiri. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ara rẹ̀.

"Ta ló pa mí?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú."

Àwọn obìnrin yẹn fi gèlè nà mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pè mí ní tíṣà olóríburúkú. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àbúrò mi ńkọ́?"

Ọ̀rẹ́ mi ló fèsì pé, "Ó ti rí i lórí fóònù, mà. Láti àárọ̀."

Mo dìde kíá kí n lọ fa nǹkan ọ̀hún ya.

"Fi í sílẹ̀!" Màmá ò pariwo mọ́ mi rí.

"Màmá, kò dáa kí èèyàn máa—"

"Mo ní kó o fi í sílẹ̀."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lódìkejì, níbi tó ti ń rí ògiri. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, kò fọwọ́ kàn án. Ìpọ̀nrí sí Ìwáyà, mélòó ni? Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn ì bá ti dé. Bí ọ̀kadà kan bá ti rọra dúró, Màmá á gbé orí sókè, á tún gbé e sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń lọ sílé díẹ̀díẹ̀. Inú ń bí mi sí ọkùnrin tí mi ò rí rí.

"Tí kò bá lè wá síbi òkú mi," ni Màmá wí, kò sì parí rẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí bàbá arúgbó kan yọ ní kọ̀rọ̀ àdúgbò. Ó wọ bùbá sódì, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìkejì ara wọn. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ògiri ló lọ bá tààrà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fọ́tò náà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ ò tiẹ̀ dúró dè mí."

Màmá di apá mi mú, ó fi dìde.

"Mo dúró," ó ní. "Mi ò tíì jẹun látàárọ̀."