Ẹ̀jẹ̀ Ilé Ìyá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìkòkò omi tí mo ń rù bọ̀ láti Ọ̀ṣun fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù mí lọ, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni olóòlà máa ń wọ agbo ilé wa ní Ẹdẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ olóòlà. Òun ló ń dá abẹ́ fún ọmọkùnrin jòjòló. Bó bá ti gé e tán, á fọ́ ìdí ìgbín, á kán omi tútù rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dá, oníkálukú á sì bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá abẹ́ fún àbúrò mi, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n fọ́ ìgbín títí, pàbó. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ti lọ.

Ni ariwo bá sọ. "Ọwọ́ ẹ gbóná jù!" ni àwọn àgbà ilé ń wí fún olóòlà.

Òun náà fárígá. "Ṣé ọwọ́ yìí kọ́ ló dá abẹ́ fún bàbá ọmọ ni? Ẹ lọ bi ẹni tó ta ìgbín fún yín!"

Wọ́n pààrọ̀ olóòlà, wọ́n pààrọ̀ ẹni tó ń ta ìgbín. Ìyá mi tún bí ọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ tún gbé ìyẹn náà lọ. Ilé bàbá wa ni wọ́n ń wádìí, torí ilé bàbá ló lọmọ. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ní ìlú Ara, nílé ìyá mi, níbi tí àbúrò ìyá mi ọkùnrin ti kú bákan náà. Ìyá mi mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló bi ìyàwó ilé?

Obìnrin nìkan lèmi bí, mo rò pé ó ti tán. Àfi bí ọmọ mi ṣe bí ọkùnrin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo wà lọ́dọ̀ wọn, mo ń bá wọn wẹ ọmọ, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti gbé ìgbín wá sínú abọ́. Mo ní kí wọ́n dúró, mo sọ ti àwọn àbúrò mi fún wọn.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ọkọ ọmọ mi wí. "Nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe é. A ò ní irú ẹ̀ nílé wa."

"Ilé tiyín kọ́ ni mo ń wí. Ilé tèmi ni."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀yin ọmọ, mi ò lè jókòó! Ilé tí mo ti gbá ni mo tún ń gbá. Bí ìgbín bá ti ti ọmọrí abọ́, mo ti dìde, bí ẹni pé àwọn ni yóò mú èsì wá.

Lónìí, ọmọ mi pè láti ilé ìwòsàn. "Màmá, ó wà lára ẹ̀." Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kì í tètè dì, pé obìnrin lè gbé e kiri láìmọ̀, kó sì bí i mọ́ ọmọkùnrin. Abẹ kankan ò gbọdọ̀ kàn án láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Mo sunkún. Ayé ti yí lóòótọ́: láyé tiwa, ẹ̀yìn ìsìnkú la tó ń wádìí, lọ́tẹ̀ yìí a mọ̀, ọmọ sì ń mu ọmú lọ́wọ́. Síbẹ̀ ara mi ò balẹ̀. Mo ṣì ní àwọn ọmọbìnrin mìíràn nílé ọkọ, ó yẹ kí n pe gbogbo wọn. Ẹ̀yin náà, kí abẹ tó kan ọmọ yín, ẹ bi ilé ìyá rẹ̀ léèrè.

Mo ti da ìgbín sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ń fà lọ jẹ́jẹ́. Èmi ni mi ò tíì lè jókòó.