Nọ́ńbà Ara Pátákó Orin

Oṣù tí dókítà ní kí bàbá mi wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú gan-an ni nọ́ńbà 417 bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi kiri. Ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ọ́wọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i, lára pátákó dúdú tí wọ́n máa ń há nọ́ńbà orin sí kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Orin tí a kọ nídìí sàréè ìyá mi ni. Mo gbé e mì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún há a síbẹ̀.

Bàbá mi kò ní ojú méjì tó ń ríran. Ti ọ̀tún ti kú tipẹ́, awọ funfun sì ti ń bo ti òsì. Dókítà ní bí a bá tètè ṣe é, ó ṣeé ṣe kó ríran dáadáa. Bí a bá fi falẹ̀, òun ò lè ṣèlérí nǹkan kan. Ojú kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ṣe é tí kò bọ́ sí i ńkọ́? Bí wọ́n bá sì ṣe é tí bàbá ò jí mọ́ ńkọ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ mi ní káńsù ní Ìdóàní. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu bọ̀ láti Ìdógùn pàdé wa lọ́nà, 417 sì wà lára nọ́ńbà rẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ní ọ́fíìsì, mo jókòó, mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà wá. Fáìlì tó bá kàn mí lọ́wọ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń yẹ̀ wò kí n tó ṣí i. Obìnrin tí a jọ ń lo ọ́fíìsì bi mí pé kí ló dé, mo sì ṣàlàyé fún un.

Ó wò mí títí. "Àǹtí, kí ni nọ́ńbà ọkọ̀ tó gbé yín wá láàárọ̀ yìí?"

Mo ní n ò mọ̀.

"Ẹ ò mọ ti èyí tó gbé yín, ẹ wá mọ ti èyí tó kàn kọjá lọ."

Inú bí mi. Ta ló bi í léèrè?

Nígbà tí wọ́n fún wa ní káàdì ní ilé ìwòsàn, 714 ló wà lára rẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á mọ̀ pé 714 kì í ṣe 417. Èmi kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo sọ fún bàbá mi pé kí a sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú díẹ̀. Ó bi mí pé nítorí kí ni, mo ní iṣẹ́ pọ̀ ní káńsù. Lọ́jọ́ kejì ó fẹ́ da omi gbígbóná sínú ife, àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ ló dà á sí. Mo fi òróró pa á fún un, ẹ̀rù kí a ṣe é àti ẹ̀rù kí a má ṣe é sì ń dù mí mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ọwọ́ náà. Mo dé láti ìsìn, mi ò tíì bọ́ gèlè tí mo fi tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ níwájú rẹ̀: ìdí sàréè, ọkọ̀ oníṣu, káàdì, gbogbo rẹ̀.

"Wọ́n tún há a lónìí, Bàbá."

"Àwọn wo ni wọ́n há mọ́ ọn?"

"174 àti 47. Ṣé kò sí nọ́ńbà mìíràn nínú ìwé orin ni?"

Ẹ̀rín pa á. "Ghá wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

Mo wá wò ó. Páálí kan ló wà níbẹ̀, àwọn pátákó nọ́ńbà kéékèèké tó máa ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kún inú rẹ̀: èjì, ẹ̀ta, àrún, ẹ̀fà, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, òdo. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi kùn wọ́n rí wọ́gọwọ̀gọ. Bàbá mi ló ń bójú tó pátákó orin látọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà. Ó ní òun kó gbogbo nọ́ńbà náà wá sílé láti tún wọn kùn. Oókan, ẹ̀rin àti èje ò fún òun ní wàhálà, nítorí ìlà tààrà ni wọ́n, òun sì dá wọn padà. Àwọn tí ìlà wọn tẹ̀ ni ojú òun ò gbà mọ́.

"Atẹdùrù á kàn máa wá orin tí nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ bá lè kọ," ó ní. "Ojú tì mí láti sọ."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gèlè mi. Ohun tí mo sọ pé ó ń kìlọ̀ fún mi nípa ojú yẹn, ojú yẹn fúnra rẹ̀ ló ń fà á. Mo pe dókítà kí n tó dìde.

Wọ́n ṣe é, ó sì bọ́ sí i. Nígbà tí dókítà yọ̀ǹda fún un, bàbá mi gbé ọ̀dà jáde, ó kun àwọn tó kù. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n kọ́kọ́ há wọn, ó ní kí a jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ó ń ka pátákó sí mi létí: 263. 58. Nígbà tó dé ìkẹta, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"417," ó ní. "Èmi ni mo bẹ atẹdùrù. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ fojú ara mi ka orin ìyá rẹ."

Gbogbo ìjọ dìde. Omi ti bò mí lójú, n ò rí ọ̀rọ̀ inú ìwé mọ́. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń kà á fún mi, mo sì ń kọ ọ́ tẹ̀ lé e.