Okùn Ọwọ́ Òsì Japhet

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi tó gbogbo ènìyàn létí pé olóògbé Japhet Ikúmápàyí, apẹja, ọkọ Sabina, ará etí omi Bàrígà, kì í kí ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó ti fi ọwọ́ òsì di nǹkan mú.

Ohunkóhun tó bá wà nítòsí ni. Ní Fádèyí, òpó iná. Ní ọjọ́ Ìsinmi, táì pásítọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù Moshood atẹ̀wé ní Bajulaiye, etí tábìlì ló dì mú tó fi dọ̀bálẹ̀ fún ìyá Moshood. Tábìlì tẹ̀, lẹ́tà òjé tí Moshood ti ń tò láti àárọ̀ fún káàdì ìgbéyàwó kan sì dà sílẹ̀ ráúráú.

"Má bínú, Moshood," ni Japhet wí láti ilẹ̀ tó wà. "Ìyá ẹ ni mò ń kí."

Nígbà tí Moshood fi máa tún káàdì ìgbéyàwó náà tò tán, "ọkọ ìyàwó" ti di "ọkọ̀ ìyàwó". Japhet yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní òun kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Àwọn ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín. Àwa àgbà kì í rẹ́rìn-ín, nítorí ojú wa ló ṣe.

Ọdún 1956 ni. Òyìnbó kan, Ọ̀gbẹ́ni Hápà, ní ọkọ̀ onígbòkun kan tó fẹ́ fi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díje láti èbúté Tàkóràdí wá sí Èkó. Ó ń wá ẹni tó mọ omi, wọ́n júwe Japhet fún un. Ó ní bí àwọn bá gba ipò kìíní, wọn yóò fín orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ sára ife fàdákà.

"Orúkọ mi méjèèjì?" ni Japhet béèrè.

"Méjèèjì."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Bàrígà ti gbọ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, a ti fi yangàn dé Ṣómólú.

Òyìnbó mẹ́ta àti Japhet ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń sáré, bí ẹni tó ń dẹtí sí òfófó. Wọ́n ń fi aṣọ di ara wọn mọ́ ibùsùn kí wọ́n má baà já bọ́. Nítorí òórùn ẹja gbígbẹ tí Sabina dì fún Japhet, àwọn òyìnbó lé òun àti ẹja lọ sí ìdí ọkọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, omi òkun wọ inú búrẹ́dì. Ọ̀gbẹ́ni Hápà wá sí ìdí ọkọ̀, ó ní òun kàn fẹ́ gba afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà jẹ ẹja mẹ́fà.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n rí Èkó. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà níwájú wọn, wọ́n sì ti ń bá a. Gbogbo wa dúró lórí òkúta ẹnu òkun. Sabina àti àwọn obìnrin ìjọ ń ju aṣọ funfun. Okùn ìgbòkun wà lọ́wọ́ òsì Japhet. Ọkọ̀ méjèèjì fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, Japhet sì wo inú ọkọ̀ kejì. Bàbá arúgbó òyìnbó kan ló jókòó síbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú.

Bàbá Japhet ti kọ́ ọ láti kékeré lórí omi Ìlàjẹ pé bí ọkọ̀ rẹ bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ àgbàlagbà, tú ìgbòkun, dọ̀bálẹ̀, jẹ́ kó dá ọ lóhùn kí o tó lọ.

Japhet ju okùn sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú omi o, Bàbá!"

Ìgbòkun ń lu ara rẹ̀ lálùpa. Láti Tàkóràdí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ̀ náà dúró ṣánṣán.

"Japhet! Okùn! Okùn!"

"Wọn ò tíì dáhùn, sà!"

Bàbá náà rò pé àìsàn ló gbé ọkùnrin náà ṣubú. Ó ṣí fìlà, ó káàánú rẹ̀, ó sì kọjá lọ gba ipò kìíní.

Sabina rọra ká aṣọ funfun rẹ̀, ó fi í sábẹ́ apá. Nílé, ó béèrè pé, "Bàbá Rebecca, kí lẹ rí tí ẹ fi ju okùn?"

"Irùngbọ̀n."

Kò tún bi í mọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, Japhet kò dé etí omi. Ojú tì í débi pé ó ń fi àwọ̀n bo orí wọ ilé ara rẹ̀. Ojú ti àwa náà: níbikíbi tí ará Ṣómólú bá ti rí ará Bàrígà, kódà láàárín títì, "Ẹ kú omi o!" ni. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ òsì Japhet kò ti fi nǹkan sílẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1959 ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Hápà wá sí Bàrígà, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀. Japhet yíjú sí ògiri, ó di etí ibùsùn mú.

"Japhet, bàbá onírùngbọ̀n yẹn ṣì ń béèrè rẹ. Mo ti ṣàlàyé fún un pé ò ń kí i ni."

Japhet yíjú padà díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé wọ́n dáhùn?"

"Ó ní kí n sọ fún ọ pé o ṣeun. Ó ní kò sẹ́ni tó kí òun bẹ́ẹ̀ rí lórí òkun."

Japhet fi etí ibùsùn sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bọ Ọ̀gbẹ́ni Hápà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí a sin ín, Rebecca ọmọ rẹ̀ fi okùn kékeré kan sí i lọ́wọ́ òsì. Sabina yọ ọ́ kúrò.

"Wọ́n ti dá a lóhùn," ló wí.

Ní báyìí, tábìlì Moshood kò mì mọ́. Àmọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí pásítọ̀ ṣe ń kí ìjọ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wa rí i tó fa táì rẹ̀ jáde, tó nà án síwájú díẹ̀, tó sì dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni pásítọ̀ ń retí?