Ìwé Ìtọrọ Tí Kò Kí Ẹnikẹ́ni

Èmi kì í lè fara da èdè òyìnbó tí wọ́n bá kọ kátikàti. Ní Èkó ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ohun tó fi ẹgba kọ́ wa ni pé: sọ ohun tí o fẹ́ sọ, kí o sì dákẹ́. Ogun Ìjẹ̀bú àti òyìnbó kò tíì pẹ́ tó parí nígbà tí wọ́n ní kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ Mákùn-Omi níwèé. Ibẹ̀ ni mo ti bá àwọn tí ń di ọ̀rọ̀ ńláńlá sínú ìwé bí ẹni ń di ẹrù sínú ọkọ̀ tó fẹ́ rì. Sà lókè, sà nísàlẹ̀. Orí mi á gbóná.

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ọmọge kan tí mo fẹ́ fi ṣaya. Bàbá rẹ̀ ló ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹja lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kò mọ A, kò mọ B, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé òyìnbó ni àwọn ará Èkó fi ń kọ ìwé ìtọrọ, ó ní òun náà ò ní í gba ohun tó rẹlẹ̀ sí i. Inú mi dùn. Mo kọ ìlà mẹ́rin tó mọ́ tónítóní: mo fẹ́ ọmọ yín, mo níṣẹ́, mo nílé, mo ń retí èsì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kà á, gbogbo ẹbí pé. Akọ̀wé ìjọ ni wọ́n bẹ̀ pé kó kà á, kó sì túmọ̀ rẹ̀. Kí àwọn àgbà tó jókòó tán, ó ti parí. Bàbá yí ìwé náà wò bóyá ìyókù wà lẹ́yìn. Ó ní ta ló kí òun níbẹ̀? Ta ló kí ìyàwó òun? Ó ní ọlọ́pàá ló máa ń wọlé onílé báyìí, wọ́n sì dá ìwé padà fún mi.

Mo bínú débi pé mi ò lè jẹun. Mo sọ fún ọmọge náà pé òyìnbó kì í kí èèyàn báyẹn, mi ò sì ní í torí ẹnikẹ́ni ba òyìnbó jẹ́. Ó ní kò burú, kí n lọ fẹ́ òyìnbó náà.

Ẹni tó fẹ́ arẹwà ló fẹ́ ìyọnu. Mo jókòó, mo kọ òyìnbó tó burú jù láyé mi. Mo kí bàbá kú oòrùn, kú ewu odò. Mo kí ìyá kú ẹja yíyan, kú èéfín. Mo kí àwọn tó ti kú pàápàá. Mo fi sà sẹ́yìn gbogbo rẹ̀, títí kan ti ìyá. Bí akọ̀wé ṣe ń túmọ̀ ìkíni kọ̀ọ̀kan ni ẹbí ń dáhùn. Àgbàlagbà kan sùn, ó jí, wọ́n ṣì ń kí i. Akọ̀wé ń làágùn, ó ń wò mí bí ẹni tó jí i léwúrẹ́. Nígbà tó fi máa dé ibi tí mo ti ní mo fẹ́ ọmọ wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ mọ́.

Bàbá gba ìwé náà, ó fi í sábẹ́ fìlà. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé òyìnbó inú rẹ̀ ò dáa rárá.

Ó ní, "Ọmọ mi éè gbọ́ òyìnbó. Bóyá o máa lè fara balẹ̀ kí i láràárọ̀, kí o sì dúró gbọ́ èsì, lèmi fẹ́ mọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá wá ní kí wọ́n lọ pe ọmọ òun, kó wá kí ọkọ rẹ̀.